Ikú Socrates: Àwòrán Ìtàn Gẹ́gẹ́ Bí Alágbàwí

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ń sọ ìtàn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ ni a ti ń rí àwòrán bàbá arúgbó kan tí ó jókòó lórí ibùsùn nínú túbú, tí ó na ìka kan sókè, tí ó sì na ọwọ́ kejì sí ife májèlé. Socrates, amòye ìlú Áténì, ni bàbá náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí i yóò wí pé, ‘Báyìí ni Socrates ṣe kú.’ Olùkọ́ pàápàá a máa wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àwòrán ìtàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí, alágbàwí ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ jàǹfààní lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹjọ́ tí ó ń rò.

Jacques-Louis David, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó ya àwòrán náà ní 1787. Ọ̀dà olóròóró ni ó fi yà á sórí aṣọ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, tí ó sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ díẹ̀. Láti 1931 ni ó ti wà ní Metropolitan Museum ní New York. David jẹ́ aṣáájú nínú àwọn ayàwòrán ìgbà náà tí ọ̀ṣọ́ àṣejù inú iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú wọn ti sú, tí wọ́n sì padà lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́. Wọ́n fẹ́ kí ìlà ara dá ṣáká, kí ọ̀ṣọ́ ilé mọ níwọ̀n, kí ìtàn inú àwòrán sì kọ́ ènìyàn ní ìwà.

Ìtàn tí ó yà nìyí. Ní 399 ṣáájú ìbí Kristi, a pe Socrates lẹ́jọ́ ní Áténì pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí, pé ó ń mú òrìṣà tuntun wọlé, àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. A dá a lẹ́bi ikú, nígbà tí ó tó ẹni àádọ́rin ọdún. Crito, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kí ó sá, ṣùgbọ́n ó kọ̀: ẹni tí ó ti jẹ àǹfààní òfin ìlú ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ òfin náà mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá já lé e lórí. Ó lo ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ láti bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ jíròrò lórí àìkú ọkàn, ó sì mu oje ewéko olóró. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn fún Crito ni pé kí wọ́n má gbàgbé àkùkọ tí wọ́n jẹ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, ní gbèsè. Ẹni tí wọ́n ní kò ka òrìṣà sí, gbèsè òrìṣà ni ó rántí kẹ́yìn.

Plato, ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Bí a bá fi ìwé Plato wé àwòrán David, a ó rí i pé ayàwòrán ti ṣe àtúntò. Ìwé náà fi yé wa pé Plato kò sí níbẹ̀, pé ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ kò dá; kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ṣùgbọ́n David gbé e jókòó sí ìdí ibùsùn, ó sọ ọ́ di arúgbó, ó mú kí ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, kí ó sì tẹrí ba, pẹ̀lú ìwé kíká àti tàdáwà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé, òwúrọ̀ ni wọ́n ti mú Xanthippe, aya Socrates, lọ sílé. Nínú àwòrán, a ń rí i lókèèrè lórí àtẹ̀gùn, tí ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń dágbére. Socrates fúnra rẹ̀, irun àti irùngbọ̀n nìkan ni ó darúgbó. Àyà àti apá rẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin tí agbára ṣì wà lára rẹ̀.

Irọ́ ha ni David pa bí? Rárá o. Ẹjọ́ ni ó ń rò. Bí Plato ti darúgbó tí ó sì tẹrí ba, ó dà bí ẹni pé ìrántí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ń wò. Ẹ wo ọwọ́ Socrates pẹ̀lú: kò tíì kan ife náà, kò tilẹ̀ wò ó, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ni ó gbájú mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ pupa tí ó gbé ife lọ́wọ́ ni ó yí ojú kúrò, tí ó sì fi ọwọ́ bò ó. Ẹni tí yóò kú ń kọ́ni. Àwọn tí yóò yè ń sunkún. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà nílẹ̀ ní ṣíṣí. Ohun tí David ń wí ni pé ìlú lè pa ẹni tí ìwà rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò lè borí rẹ̀. Abẹ́ Crito, tí ó di itan olùkọ́ rẹ̀ mú, ni ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, ó sì kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà sí abẹ́ Plato.

Òǹkàwé tí ó mọ ìtàn Ọ̀yọ́ yóò rántí igbá òfìfo tí Ọ̀yọ́ Mèsì ń gbé fún Aláàfin tí wọ́n bá kọ̀, tí òun náà yóò sì gbé májèlé jẹ. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni igbá, ọ̀tọ̀ ni ife Socrates. Agbára ni a ń fi igbá gbà lọ́wọ́ ọba. Socrates kò ní agbára kan tí a lè gbà, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà tí ó sún mọ́ ti David ní ẹ̀bá Àkúrẹ́ níhìn-ín ni ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkéré, ní nǹkan bí 1910 sí 1914, èyí tí ó ti wà ní British Museum láti 1924. Lára rẹ̀, ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn arẹrù gbé Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá síwájú ọba. Ìgbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń gba àṣẹ ilẹ̀ mọ́ àwọn ọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lára ìlẹ̀kùn, àlejò ni Gẹ̀ẹ́sì, ọba ni onílé. Ẹjọ́ Ògògà ni Ọlọ́wẹ̀ rò.

Alágbàwí a sì máa gbàgbé ẹjọ́ tí ó ti rò. Ọ̀kan nínú ìdílé Trudaine ni ó bẹ David níṣẹ́ àwòrán Socrates. Nígbà tí àwọn ará Faransé dìtẹ̀ sí ọba wọn láti 1789, David wọ inú ìjọba tuntun. Ní 1793 ó dìbò pé kí a pa ọba, ó sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń fọwọ́ sí ìwé mímú àwọn tí a fura sí. Ní oṣù Keje 1794, ìjọba náà bẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lórí nínú ìdílé Trudaine. Ẹwà iṣẹ́ kò ní kí ẹni tí ó ṣe é máa rántí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá gbé àwòrán yìí síwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé níbo ni Plato wà ní ọjọ́ náà. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn pé kò sí níbẹ̀, tí ó sì lè sọ ìdí tí David fi gbé e síbẹ̀, ti mọ àwòrán kà.