Ojú l'ọ̀rọ̀ wà: Ẹ ka ọwọ́ kí ẹ tó ní 'ọ̀pọ̀ jù lọ' ti gbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ìwádìí àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé òótọ́ púpọ̀ wà nínú òwe yìí.

Lọ́dún 2009 àti 2011, Paul Pietroski, Jeffrey Lidz, Tim Hunter àti Justin Halberda gbé iṣẹ́ jáde lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, 'most', tí àwa ń pè ní 'ọ̀pọ̀ jù lọ'. Wọ́n fi àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi han àwọn èèyàn lójú kọ̀ǹpútà. Kò tó sẹ́kọ́ńdù kan tí wọ́n fi gbé e kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè kà á. Wọ́n wá béèrè pé: ṣé aláwọ̀ aró ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn?

Ẹ lè rò pé ńṣe làwọn èèyàn náà ń kó àwọ̀ yòókù jọ, kí wọ́n tó fi wé aláwọ̀ aró. Rárá o. Ìdáhùn wọn fi hàn pé àpapọ̀ ni ojú wọn kọ́kọ́ gbà, wọ́n wá yọ aláwọ̀ aró kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n tó mọ èyí tó kù. Kódà nígbà tó jẹ́ àwọ̀ méjì péré, tó rọrùn láti fi èkíní wé èkejì, ọ̀nà yìí náà ni wọ́n tọ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ ibi tí ojú máa wò.

Lọ́dún 2022, Tyler Knowlton pẹ̀lú mẹ́ta nínú wọn tún gbé òmíràn jáde. Bí wọ́n bá fi 'each', ìyẹn 'ọ̀kọ̀ọ̀kan', bi èèyàn léèrè, á rántí àwọ̀ ẹyọ kan dáadáa. Bó bá jẹ́ 'every', tó sún mọ́ 'gbogbo', bí àwọn àmì náà ṣe wà lápapọ̀ ló máa rántí jù.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ojú ò mọ iye, ìwọ̀n ló mọ̀. Bí 20 bá wà lápá kan, tí 10 wà lápá kejì, ojú á mọ̀ ọ́n kíá. Ṣùgbọ́n bó bá di 20 sí 19, ojú lè tanni jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń darí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ti ìdàgbàsókè ìlú, bí ọwọ́ bá lọ sókè tó fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ẹ má fi ojú wò ó lásán. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìjà má baà dé.