Ọjà wo ló ń jèrè tó bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Kétu tó ń lọ sí Ìkòròdú, àfi kó gba ọjà Mile 12 kọjá. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí LASUSTECH, tó jẹ́ póòlì kó tó di yunifásítì ní 2022. Àwọn kan nínú wọn ń kọ́ nípa ìṣàkóso òwò. Bí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, apẹ̀rẹ̀ tòmátò àti àpò àlùbọ́sà tó ti Òkè Ọya wá ni wọ́n máa ń wò.

Àjọ ni ìṣirò ọjà náà. Ẹni tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 yóò kó ₦30,000. Owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Dípò kí owó lé, ó dín! Síbẹ̀ ìyá aláta tó ń dá àjọ níbẹ̀ kì í jà. Ó mọ ohun tó fi ₦1,000 yẹn rà: owó òun kò sí nítòsí ọwọ́ òun. Tó bá sì ti kó o, ọjà ló ń fi í rà. Ọ̀wọ́ngógó kì í jẹ́ kí owó sùn. Ní Oṣù Kejìlá 2024, ó tó ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún: ohun tó jẹ́ ₦100,000 lọ́dún tó ṣáájú ti di ₦134,800.

Ní 2016, MMM, ètò owó ti Sergey Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ṣèlérí èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù fún wa. Kí ọdún náà tó parí, owó há. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ èlé lórí èlé ìbá ti rí i pé ₦100,000 yóò lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2.3 láàárín oṣù 12. Ìyá aláta kò nílò ìṣirò yẹn kó tó béèrè pé: ọjà wo ló ń jèrè tó bẹ́ẹ̀?

Kí ló dé tí ẹ̀kọ́ owó tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kì í dúró? Ní 2014, àwọn olùwádìí Fernandes, Lynch àti Netemeyer kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀. Ẹ̀kọ́ owó kò ṣàlàyé ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà nínú ìṣe àwọn èèyàn nípa owó, ó sì máa ń ṣá bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Edward Deci, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ti rí ohun tó jọ ọ́ ní 1971: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sanwó fún kí wọ́n to àdììtú kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ nígbà tí owó dáwọ́ dúró. Lójú tèmi, máàkì ni owó kíláàsì. Ìdánwò parí, ó parí.

NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé láti 2024, owó oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí alert owó yẹn bá dún gan-an ni mo fẹ́ kí olùkọ́ wọlé.