Ìgbà Wo Ni Ká Gba Iye Òjé Gbọ́?

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan wà tó lè fi irin, bàbà àti òjé inú eruku hàn láìfi kẹ́míkà yọ́ ọ. Tandem ni wọ́n ń pè é. Àárín rẹ̀ lè gba iná tó tó mílíọ̀nù fólítì 1.7. Átọ́mù háídírójìn tó ti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kún tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Nẹ́gétíìfù ni, àárín ẹ̀rọ tó jẹ́ pọ́sítíìfù a sì fà á. Níbẹ̀ ni gáàsì ti ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì lára rẹ̀. Ó ku pírótọ́ọ̀nù nìkan. Àárín tó fà á wọlé náà ni yóò tì í jáde. Agbára rẹ̀ lè tó 3.4 MeV.

Nígbà tó bá kọlu eruku, ó lè ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sún mọ́ ọkàn átọ́mù jù lọ, ti ìpele K, jáde. Òmíràn a já bọ́ láti òkè wá dí àyè náà, X-ray a sì jáde. Ti irin ń wá ní 6.4 keV, ti bàbà ní 8.0. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní PIXE. Lund ní Sweden ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1970.

Ṣùgbọ́n báwo ni irin náà ṣe pọ̀ tó? Ìṣirò ló ń dáhùn ìyẹn: báwo ló ṣe rọrùn tó fún pírótọ́ọ̀nù láti ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà? Ìṣirò àtijọ́, PWBA, gbà pé pírótọ́ọ̀nù ń kọjá lọ tààrà. Bó bá yára, òótọ́ ni. Bó bá rọra, ìṣirò náà a ju ohun tí wọ́n wọ̀n lọ. Ní 1981, Brandt àti Lapicki ṣe ìṣirò ECPSSR, tó ka agbára tí pírótọ́ọ̀nù ń pàdánù, bí ọkàn átọ́mù ṣe ń tì í yà lọ́nà, àti bí wíwà rẹ̀ nítòsí ṣe ń mú kí átọ́mù túbọ̀ di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà mú. Ní 1989, Paul àti Sacher kó àwọn ìwọ̀n ìpele K jọ láti onírúurú yàrá ìwádìí, wọ́n fi wọ́n wé ECPSSR. Láàárín 2 sí 3 MeV tí PIXE sábà ń lò, wọ́n bára mu dáadáa.

Òjé ló le. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù K rẹ̀ fẹ́ 88 keV kó tó kúrò, nítorí náà ìpele L ni a ń kà. Ìpele L pín sí mẹ́ta, àyè tó ṣófo nínú ọ̀kan sì lè bọ́ sínú òmíràn kí X-ray tó jáde. Ìṣirò àti ìwọ̀n kì í ṣọ̀kan níbẹ̀ bíi ti K. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iye òjé láti PIXE hàn yín, ẹ bi í bóyá ó kọ́kọ́ wọn àpẹẹrẹ tí a ti mọ iye òjé inú rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì gbà á.