Ìlẹ̀kùn Kálísíọ̀mù àti Ìsúnkì Iṣan Egungun

Ìfáárà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú apá ènìyàn kí apá náà tó ká, èsì tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọpọlọ ránṣẹ́, iṣan sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Èsì yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó fo àárín ọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa fi kún un pé kálísíọ̀mù ni ó ń ti ìta wọ inú iṣan tí iṣan fi ń súnkì. Mo ti rí i kà nínú ìwé ìdánwò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òtítọ́ ni èyí nípa ọkàn. Kì í ṣe òtítọ́ nípa iṣan apá àti ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Nínú èdè Yorùbá, iṣan ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni a ń pe okùn tí ń gbé ìmọ̀lára kiri, iṣan náà ni a sì ń pe ẹran ara tí ń gbé egungun. Olùkọ́ tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò kàn da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú ni. Nítorí náà, a ó lo iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ìmọ̀lára àti iṣan egungun. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ibi tí Kálísíọ̀mù Wà

Ní ọdún 1883, Sydney Ringer ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe àkíyèsí pé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ (ọ̀pọ̀lọ́ inú omi ni mo wí, kì í ṣe ọpọlọ inú orí) ń lù dáadáa nínú omi oníyọ̀ tí a fi omi ẹ̀rọ pò, ṣùgbọ́n kò lè lù bẹ́ẹ̀ nígbà tí a fi omi tí kò ní èròjà kankan pò ó. Kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ní ọdún 1947, Heilbrunn àti Wiercinski fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa oríṣiríṣi iyọ̀ sínú fọ́nrán iṣan. Kálísíọ̀mù ni ó mú kí fọ́nrán náà súnkì. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1960, Setsuro Ebashi ará Japan àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣàwárí troponin, èyí tí kálísíọ̀mù ń lẹ̀ mọ́. Bí kálísíọ̀mù bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, okùn tí ó bo ojú actin yóò yẹ̀, myosin yóò sì rí àyè dì í mú kí ó sì fà á.

Ṣùgbọ́n níbo ni kálísíọ̀mù yìí ti ń wá? Nínú fọ́nrán iṣan kọ̀ọ̀kan, àpò ìpamọ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sarcoplasmic reticulum. Nígbà tí iṣan bá ń sinmi, inú àpò yìí ni kálísíọ̀mù máa ń pọ̀ sí. Èyí tí ó wà lómìnira nínú omi tí ó yí àpò náà ká kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó wà ní ìta fọ́nrán fi tó ìlọ́po 10,000 rẹ̀.

Bí Ìlẹ̀kùn Ṣe Ń Ṣí

Ara àpò náà ni ìlẹ̀kùn wà. Orúkọ rẹ̀ ni ryanodine receptor. Èyí tí ó wà nínú iṣan egungun ni RyR1. Ara ryanodine ni orúkọ náà ti wá, májèlé inú igi Ryania speciosa ti Gúúsù Amẹ́ríkà tí àwọn ènìyàn ti fi pa kòkòrò rí. Májèlé náà a máa lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn yìí, òun ni ó sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí i dá mọ̀. Ìlẹ̀kùn ńlá ni: apá mẹ́rin ni ó ní, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ámínò ásíìdì tí ó tó nǹkan bí 5,000.

Ìlẹ̀kùn kì í dá ara rẹ̀ ṣí. Awọ fọ́nrán iṣan ya ihò tóóró wọ inú lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ àpò, olùṣọ́ kan sì wà lára awọ ihò náà, èyí tí a ń pè ní dihydropyridine receptor. Nígbà tí iná mànàmáná láti ọ̀dọ̀ iṣan ìmọ̀lára bá sáré gba inú ihò yìí kọjá, olùṣọ́ yóò yí ipò padà, yóò sì ti ipa bẹ́ẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn tí ó dojú kọ ọ́. Ìfarakanra ni, bí ẹni tí ó fi ọwọ́ fa ìkọ́ ilẹ̀kùn. Nínú ọkàn, ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà: olùṣọ́ a máa jẹ́ kí kálísíọ̀mù díẹ̀ ti ìta wọlé, kálísíọ̀mù díẹ̀ yìí ni yóò wá ṣí RyR2, ìlẹ̀kùn ti ọkàn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní ọdún 1972, Armstrong, Bezanilla àti Horowicz fi kẹ́míkà kan kó gbogbo kálísíọ̀mù tí ó wà ní ìta fọ́nrán iṣan egungun ọ̀pọ̀lọ́ kúrò. Síbẹ̀, fọ́nrán náà ń súnkì. Ẹ fi èyí wé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ti Ringer tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí kálísíọ̀mù ní ìta. Ẹranko kan náà, iṣan méjì, ọ̀nà méjì. Bí olùkọ́ bá fi àyẹ̀wò méjèèjì yìí kọ́ni pa pọ̀, kò ní í nílò àlàyé gígùn.

Lẹ́yìn ìsúnkì, ẹ̀rọ kan lára àpò yóò fa kálísíọ̀mù padà sínú, yóò sì máa ná ATP kan fún kálísíọ̀mù méjì. Dídẹ̀ iṣan náà ń gba agbára. Nígbà tí ATP bá tán pátápátá lẹ́yìn ikú, myosin kò lè tú kúrò lára actin mọ́. Ìdí nìyí tí òkú fi ń gan.

Nígbà tí Ìlẹ̀kùn Kò Bá Tì

Ní ọdún 1960, Denborough àti Lovell kọ̀wé láti ìlú Melbourne ní Australia nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Oògùn akunnilóorun ń bà á lẹ́rù ju ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ lọ, nítorí pé ẹbí rẹ̀ mẹ́wàá ni ó ti kú lẹ́yìn tí wọ́n gba ether. Halothane ni wọ́n fún òun. Ara rẹ̀ sì yí padà lójijì, ṣùgbọ́n ó yè é. A ti wá mọ̀ pé àbùkù nínú jíìnì RYR1, tí ó wà lórí kúrómósómù 19, ni ó sábà máa ń fa irú àìsàn yìí, tí a ń pè ní malignant hyperthermia. Òbí kan ṣoṣo tó láti fi í ta ọmọ lọ́rẹ. Oògùn a ṣí ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn kò sì ní í tì. Iṣan a le gbagidi, ẹ̀rọ tí ń fa kálísíọ̀mù padà a máa jó ATP láìdẹwọ́, ara a sì gbóná bí iná. Ní ọdún 1991, wọ́n rí irú àbùkù yìí kan náà lára ẹlẹ́dẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì kí aláìsàn dáhùn dáadáa nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ ti ní ìṣòro rí lábẹ́ oògùn akunnilóorun. Dantrolene ni oògùn tí a fi ń wò ó. Ara RyR1 ni ó ń lẹ̀ mọ́, tí ìlẹ̀kùn yóò fi tì. Iṣan egungun aláìsàn a rọ̀, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ọkàn lọ́wọ́, nítorí pé ìlẹ̀kùn mìíràn ni ti ọkàn.