Kí Lẹ́tà Ilé-Ìwé Tó Dé: Òbí, Àdúgbò àti Olùdámọ̀ràn Ilé-Ìwé ní Alímọ̀ṣọ́

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgándò àti àyíká wọn. Ó tún wà fún ìyálọ́jà, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, aṣáájú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA), àlùfáà àti pásítọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ yín náà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń wà tí ilé-ìwé bá ti parí.

Ta ni olùdámọ̀ràn?

Olùkọ́ kan wà ní ilé-ìwé girama tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kó na ọmọ, tí kì í sì í ṣe kó kọ́ wọn ní ìṣirò. Òun làwọn ọmọ ń pè ní kánsẹ́lọ̀. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ ṣàdédé ń bàjẹ́, ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láti lọ sílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ pé ó wà, àfi ọjọ́ tí ọmọ bá mú lẹ́tà wálé pé kí wọ́n yọjú. Àyà ìyá á já. Bàbá á ti máa tú bẹ́líìtì kó tó ka lẹ́tà náà tán.

Ìpè yẹn kì í ṣe ìpè àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà púpọ̀, ìbéèrè ni olùdámọ̀ràn ní, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ará ìta ni wọ́n kọ́kọ́ pè

Bí iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí. Ní 1959, ní St. Teresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn sístà Kátólíìkì tó ń darí ilé-ìwé náà rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá kò mọ ibi tí wọn yóò kọrí sí. Wọ́n ránṣẹ́ sí nǹkan bí 20 ènìyàn nígboro Ìbàdàn, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, pé kí wọ́n wá la àwọn ọmọ náà lójú. Nínú 60 ọmọ tó jáde lọ́dún náà, 54 ló ríṣẹ́ ṣe. Àwọn tí wọ́n pè kò sì tú ká. Inú iṣẹ́ wọn ni ẹgbẹ́ Ibadan Career Council ti jáde ní 1961. Ní 1976 àwọn olùdámọ̀ràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fi iṣẹ́ wọn sínú ètò ilé-ìwé.

Àwọn sístà náà ìbá jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n máa dá gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, iṣẹ́ náà ìbá má gbòòrò. Lójú tiwa, ibi tí a ti ṣìnà nìyẹn nígbà tí a ti olùdámọ̀ràn mọ́ yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, tí a ní kó máa dúró de ọmọ tó bá hùwà burúkú.

Ìdí tí olùdámọ̀ràn kò fi lè dá a ṣe

Nínú ìkànìyàn 2006, 1,277,714 ènìyàn ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, a sì ti pọ̀ sí i gan-an láti ìgbà náà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni ìpínlẹ̀ Èkó pín sí mẹ́fà, kí iṣẹ́ lè rọrùn. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùdámọ̀ràn kan ń bójú tó má ju 250 lọ. Ẹni tó bá ti rí bí ọmọ ṣe ń tú jáde ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ní aago méjì ọ̀sán mọ̀ pé a jìnnà sí iye yẹn.

Ilé tí à ń kó kiri ṣì tún wà ńbẹ̀. Ilé gbówó lórí l'Ẹgbẹ́dá, ìdílé kó lọ sí Àyọ̀bọ̀. Ó tún gbówó lórí níbẹ̀, wọ́n sún síwájú. Ọmọ pààrọ̀ ilé-ìwé, fáìlì tí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí kò sì tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá fẹ́ kó, ẹ sọ fún olùdámọ̀ràn kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa kó, kí ó lè kọ̀wé sí ilé-ìwé tuntun.

Àpẹẹrẹ kan láti inú ọjà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan wà ní JSS 2 tó ń sùn ní kíláàsì láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Olùkọ́ kan ní ọ̀lẹ ni. Òmíràn ní àfàìmọ̀ kó má ti máa mu oògùn olóró colorado. Olùdámọ̀ràn kọ lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sílé, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Ó wá bi ọmọ náà pé níbo ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà. Ó ní ọjà Ìkòtún ni, nídìí tòmátì. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìmọ́tótó ọjà tí títà kò tíì bẹ̀rẹ̀, olùdámọ̀ràn lọ bá a.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má jáyà, ọmọ yín kò ṣẹ̀. Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà sí yín."

"Háà, àǹtí tíṣà! Mo rò pé ẹ fẹ́ lé e ni. Ẹ má bínú. Tí mo bá fi ọjà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí la máa jẹ?"

"Ó yé mi, mà. Aago mélòó ló ń jí?"

"Aago mẹ́rin ni. Òun ló ń bá mi rù ú tí ọkọ̀ bá já ẹrù. Àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì kéré."

Ọmọ tó ti ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti aago mẹ́rin, kí ló dé tí kò ní sùn? Olùdámọ̀ràn kò wàásù fún ìyá náà. Ó bi í léèrè ọjọ́ tí ẹrù máa ń pọ̀ jù, ó sì rí i pé ọjọ́ méjì péré ni láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyálọ́jà tó jókòó nítòsí dá sí i pé alábàárù òun á máa gbé ti ọjọ́ méjèèjì náà, kí wọ́n jọ ṣírò owó rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ á máa ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Sátidé. Ní ilé-ìwé, olùdámọ̀ràn ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́, wọ́n sì mú ọmọ náà jókòó síwájú.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà kẹta kò lè ṣe ohun tí ìbẹ̀wò yẹn ṣe, a sì ń rọ àwọn olùdámọ̀ràn tó bá ka ìwé yìí pé kí wọ́n má ka àìyọjú òbí sí àìbìkítà. Ẹ ṣe ìpàdé ní Sátidé, tàbí kí ẹ lo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹ sọ Yorùbá, ẹ sọ pijin. Òbí tí ẹ bá kó Gẹ̀ẹ́sì bò mọ́lẹ̀ kò ní padà wá. Kí ẹ sì máa bi bàbá náà. Ìyá ló sábà máa ń yọjú, bí ẹni pé òun nìkan ló bímọ.

Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ SS 1

Lẹ́yìn ìdánwò JSS 3 ni ọmọ ń yan ọ̀nà sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà tàbí òwò. Ibí yìí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù láàárín òbí àti ọmọ, ó sì yẹ kí ẹ wá kí ọmọ tó yan ohunkóhun. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọmọ tí kò ṣe Literature kò lè ka ìmọ̀ òfin. Ẹni tó fẹ́ di dókítà gbọ́dọ̀ ní Biology, Chemistry àti Physics pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ń sá fún sáyẹ́ǹsì láti JSS, tí bàbá rẹ̀ ní dókítà ló máa dà dandan, ọdún mẹ́ta ló máa fi jìyà, bàbá náà á sì san owó lẹ́sìn títí.

Kì í ṣe yunifásítì nìkan lọ̀nà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, Government Technical College, ní Ìkòtún níbí. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iná mànàmáná tàbí ọkọ̀ lè kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀ kó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ìtìjú kọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, télọ̀, onírun àti akọ̀wé báńkì, tí olùdámọ̀ràn bá pè yín wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ sọ owó tó ń wọlé fún wọn, kí ẹ sọ wàhálà rẹ̀ náà.

Ohun tó jẹ́ àṣírí, àti ohun tí kò lè jẹ́ àṣírí

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá olùdámọ̀ràn sọ, ì báà jẹ́ ìjà tọkọtaya tàbí àìsàn, kì í ṣe ohun tí àwọn olùkọ́ yòókù á fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ tí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu, tí wọ́n ń lù ú nílùkulù, tàbí tí ẹnì kan bá fipá bá a lò pọ̀, olùdámọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007, àṣẹ gómìnà lórí ààbò ọmọdé sì jáde ní 2016. "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé" kò sí nínú méjèèjì.

Tí ẹnì kan bá fipá bá ọmọ lò pọ̀, ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ranni gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò. Mirabel Centre tó wà ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, láti 2013, ìtọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ gan-an niṣẹ́ wọn, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń ṣe é. Nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀ ni 08000333333. Fún pàjáwìrì, ẹ pe 112 tàbí 767.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ lọ kí olùdámọ̀ràn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé, nígbà tí ọmọ kò tíì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ fún un ní nọ́ḿbà fóònù tó ń lọ, àti ti ẹnì kan sí i ládùúgbò. Ẹ sọ ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí àǹtí tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ̀yin CDA, ẹ fún olùdámọ̀ràn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìpàdé yín. Òun á mọ ibi tí àwọn ọmọ ń sá jókòó sí nígbà ilé-ìwé, ẹ̀yin náà á mọ ẹni tí ẹ lè pè.

Tí ilé-ìwé ọmọ yín kò bá ní olùdámọ̀ràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Tí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ kọ̀wé sí Education District I, tí Alímọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé, kíláàsì ọmọ àti nọ́ḿbà yín sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ fún yín.