Kẹ̀kẹ́ Arọ Tó Ṣeé Ká Pọ̀
Irin, aṣọ líle àti rọ́bà

Ìjàǹbá ibi ìwakùsà ṣẹ́ Herbert Everest, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ní 1918, kò sì lè fẹsẹ̀ rìn mọ́. Kẹ̀kẹ́ arọ ìgbà náà wúwo, kò ṣeé gbé sínú ọkọ̀. Òun àti Harry Jennings, ẹnjiníà bíi tirẹ̀, ló ṣe irú èyí tó ṣeé ká pọ̀ ní Los Angeles ní 1933.

Abẹ́ ìjókòó ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ọ̀pá irin méjì gba ara wọn kọjá bí àgbélébùú, ìdè kan ló so wọ́n láàárín. Bí wọ́n bá fa aṣọ ìjókòó sókè, táyà ọ̀tún àti tòsì á sún mọ́ra, kẹ̀kẹ́ á sì wọ búùtù ọkọ̀. Irin róbótó tó yí táyà ńlá ká ni ẹni tó jókòó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí. Kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kó tó kúrò lójú kan. Ọwọ́ méjì ẹ̀yìn wà fún olùtọ́jú, tí kò ní máa gbé àgbàlagbà pọ̀n mọ́.

Ẹnu àtẹ̀gùn ni agbára rẹ̀ pin sí. Ilé tí ará ìlú ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gbà.