Òkun tàbí òkè? Oṣù tí ẹ fẹ́ lọ àti ara àwọn tí ẹ ń mú lọ ni kó yan ibi ìsinmi fún yín

Bí àkókò ìsinmi bá ti ń súnmọ́, àríyànjiyàn kì í jìnnà nínú ilé. Àwọn ọmọ á ní etíkun làwọn ń lọ. Bàbá á ní orí òkè lòun fẹ́, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ní dé. Ìyá á máa ṣírò owó ọkọ̀. Nígbà tó bá yá, ẹni tó rí fọ́tò tó dùn-ún wò jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ilé á tẹ̀lé.

Bẹ́ẹ̀ fọ́tò kì í sọ oṣù tí wọ́n yà á. Kì í sọ bí ìgbì òkun ṣe ń hó lọ́jọ́ náà, kì í sì í sọ iye àtẹ̀gùn tí ẹni tó yà á gùn kó tó dé orí àpáta. Oṣù tí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò àti ara àwọn tí ẹ fẹ́ kó lọ ló yẹ kó pinnu láàárín òkun àti òkè. Àlàyé rẹ̀ rèé.

Ṣé ọ̀kan ń ṣe ara lóore ju èkejì lọ?

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo ìṣẹ́jú 120, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ níta gbangba ló sábà máa ń sọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀, ju àwọn tí kì í jáde rárá lọ. Etíkun wà lára ibi tí wọ́n kà, ọgbà ìgbafẹ́ àti ìgbèríko náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù pé òun pàdánù oore kan nítorí pé òkè lòun yàn. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ rò wà nínú ojú ọjọ́, ewu àti wàhálà ibi kọ̀ọ̀kan.

Kí ló mú orí òkè tutù?

Ilẹ̀ ni òòrùn ń mú gbóná jù, ilẹ̀ ló sì ń gbé ooru náà fún afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gòkè, ó ń fẹ̀. Bó bá sì ti ń fẹ̀, ó ń tutù. Ní ìpíndọ́gba, ooru máa ń fi digírì 6.5 dín kù fún 1,000 mítà tí èèyàn bá gùn. Ibùdó ìgbafẹ́ Òbúdù ní Ìpínlẹ̀ Cross River ga tó nǹkan bí 1,600 mítà ju ojú òkun lọ. Bí Calabar tó wà nísàlẹ̀ bá wà ní digírì 32, Òbúdù lè wà ní nǹkan bí 22. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ láìmú súwẹ́tà dání, òtútù á kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ti etíkun yàtọ̀. Ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju omi lọ. Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gbéra lórí ilẹ̀, èyí tó tutù á sì ya wọlé láti ojú òkun wá gba ipò rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi àgbọn ní Àgbádárìgì lọ́sàn-án nìyẹn. Lóru, ilẹ̀ á tètè tutù, atẹ́gùn á sì yí padà sójú òkun. Ohun kan ló wà níbẹ̀ o: afẹ́fẹ́ etíkun kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í tètè gbẹ lára, bí òógùn kò bá sì gbẹ, ara kò lè rí ìtura. Ẹ mu omi dáadáa kódà bí òùngbẹ kò bá gbẹ yín.

Etíkun: ohun tí ẹ ó rí, ohun tí ẹ ó ṣọ́ra fún

Etíkun Nàìjíríà gùn tó nǹkan bí 850 kìlómítà. Àgbádárìgì nìkan tó ìsinmi ọjọ́ mélòó kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, ṣì dúró létí ọ̀sà. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn nínú ìyanrìn títí dé etí agbami, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ tí wọn kò sì padà mọ́. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa rìn ín, kí òbí sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn lójú ọ̀nà.

Tarkwa Bay ní Èkó rọ̀ jù fún ẹni tó ní ọmọ kéékèèké. Nígbà tí ìjọba amúnisìn to ògiri òkúta sẹ́nu èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹ̀yìn ògiri náà di ibi tí ìgbì kò ti lágbára púpọ̀. Àmọ́ ògiri yìí kan náà ló dínà mọ́ ìyanrìn tí òkun ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ìyanrìn ń jọ ní apá kan, òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ ní apá kejì. Bar Beach tí àwọn òbí wa ti ṣe fàájì kò sí mọ́. Ìlú tuntun kan, Eko Atlantic, ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Nítorí náà, ẹ má fi ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó lọ lógún ọdún sẹ́yìn ṣètò ìsinmi yín.

Ìṣàn omi tó ń fa ènìyàn lọ sínú agbami ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ìgbì á gbé omi rẹpẹtẹ wá sí etí ilẹ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan gbà padà. Níbẹ̀, ó lè sáré tó mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí òmùwẹ̀ tó lè bá a jà pẹ́. Bí ẹ bá dúró létí omi, tí ẹ rí ibì kan tí ìgbì kò ti fọ́ funfun, tí omi ibẹ̀ dà bí èyí tó pa rọ́rọ́, tí ìgbì sì ń fọ́ lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ sì ni àlejò máa ń rò pé ó dára jù láti wẹ̀.

Bí omi bá gbé yín, ẹ má wẹ̀ tààrà padà sí ilẹ̀. Ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí ẹ ó fi bọ́ nínú ìṣàn náà, kí ẹ tó kọjú sílé. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ ké. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Òkè: ohun tó wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn

Òkè Ìdànrè wà ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí Àkúrẹ́, ó sì ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ẹ ó gùn. Lókè, ẹ ó rí ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ibi ìsìnkú àwọn baba ńlá, torí pé orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó ní nǹkan bí ọdún 1930. Láti 2007 ni ó ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Àpáta náà ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Inú ilẹ̀ ló ti tutù di òkúta. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló ṣí iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá lọ nígbà òjò, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí omi ti ń ṣàn fẹ́ẹ́rẹ́ lórí àpáta. Ẹ lè rí légbénlégbé kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys perreti wà níbẹ̀, Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí lágbàáyé. Ó lé ní 40 ọdún tí onímọ̀ kankan kò fojú kàn án, títí wọ́n fi tún rí i ní 2013. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bàtà tẹ ibi tí omi ti ń sun yẹn, ẹ má sì da ọ̀rá pure water síbẹ̀.

Ẹni tí 600 àtẹ̀gùn pọ̀ fún lè lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Mítà 137 péré ló fi ga ju ojú òkun lọ. Ní Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmirìn ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá ẹnubodè lè lọ sí Dassa-Zoumé ní Bẹ̀nẹ̀, ìlú àwọn Ìdáàṣà ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41.

Òkè náà ní ewu tirẹ̀. Àpáta máa ń yọ̀ nígbà òjò, bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹ kò dára fún un. Láàárín oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún, ìjì àti àrá máa ń le, bẹ́ẹ̀ orí àpáta kò ní ibi tí èèyàn lè sá sí. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá lókèèrè, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Oṣù wo ló yẹ ibi wo?

Láti oṣù Kejìlá sí ìkejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku Sàhárà wá. Ẹ lè gùn ún dé orí òkè kí ẹ má rí ìlú tó wà nísàlẹ̀, omi Olúmirìn náà á sì ti dín kù. Àsìkò yìí gan-an ni òkun máa ń rọ̀ jù. Ìjì tó wà lọ́nà jíjìn réré ní gúúsù ayé ló ń rán ìgbì ńlá wá sọ́dọ̀ wa, ìjì wọ̀nyẹn kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó ń sinmi ní Kérésìmesì, kó lọ sí etíkun.

Láti oṣù Kẹfà sí ìkeje, òjò á le, ìgbì náà á sì ga. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú agbami lásìkò yìí. Ìkògòsì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, dára jù ú lọ.

Nínú oṣù Kẹjọ, òjò máa ń dá díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni pé ojú òkun Gínì máa ń tutù lásìkò náà, kì í sì í bí òjò tó bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn ọmọ iléèwé. Òkè ni kí ẹ lọ pẹ̀lú bàtà tó dára, torí ìgbì òkun kò tíì rọ̀.

Òpin oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá ni mo fọwọ́ sí jù fún òkè. Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ewéko tutù, omi kún, eruku ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Ta ni ẹ ń mú lọ?

Ìbéèrè yìí wúwo ju ti owó lọ. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ lórí òkè gíga lè mú kí ìnira rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nǹkan bí 2,500 mítà ni àìsàn orí òkè ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ òkè Kamẹrúùnù ga ju 4,000 mítà lọ, Kilimanjaro ga tó 5,895, àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà sì máa ń lọ sí àwọn òkè Colorado. Ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn yìí, gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó lọ. Ẹni tó jẹ́ AS náà, kó bi dókítà léèrè, torí ọlọ inú rẹ̀ lè fara gbá lórí òkè gíga. Òkun náà kò dá ẹni tó jẹ́ SS sí o: omi tútù àti àìmu omi tó lè mú kí ìnira náà bẹ̀rẹ̀.

Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń ni ín lára ju gígùn lọ. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó yẹra fún òkè nígbà ọyẹ́. Ẹ ronú kan àwọn àfín náà: ìtànṣán òòrùn tó ń jó awọ ara máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún 1,000 mítà tí ẹ bá gùn, ìyanrìn etíkun sì ń ta nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà sí ara. Fìlà olétí gbòòrò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti ìpara tí ń dènà òòrùn ni kí wọ́n lò níbi méjèèjì.

Kí ẹ tó san owó ilé ìtura, ẹ pe ẹni tó ń gbé níbẹ̀, ẹ bi í bí òkun ṣe ń hó tàbí bí ojú àtẹ̀gùn ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tí àwọn atukọ̀ Àgbádárìgì àti àwọn afinimọ̀nà Ìdànrè bá ní kí ẹ má ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.